Bàbá Wolé-wolé Tó Gbá Inú Kọ̀ǹpútà

Bí Bàbá mi àgbà bá wà láyé, tó sì bá yín níbi tí ẹ jókòó sí tí ẹ ń ka ìwé yìí, kò ní kọ́kọ́ kí yín. Á fi ìka nu abẹ́ àga yín, á gbé ìka náà sún mọ́ imú, á wá wò yín lójú bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa tó béèrè àlàáfíà.

Èmi Àkànní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jogún imú rẹ̀ tí kò jogún ìgbálẹ̀ rẹ̀, ni mò ń kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kí n kà, ìkarùn-ún ló rí mi kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, kó mú un, tiẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì rí irọ́ níbẹ̀, kó fi í sílẹ̀ níbi tó ti bá a. Irọ́ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mò ń pe Bàbá ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe àrífín. Tí mo bá ń wí pé "wọ́n", ẹ ó rò pé wọ́n pọ̀ ni, ẹyọ ọ̀kan ṣoṣo náà sì ti ju ohun tí Alímọ̀ṣọ́ lè gbé lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti lọ. Irun tèmi náà ti funfun tán. Àwọn ọmọ ilé ló ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí èmi ni mo bá a gbé pẹ́ jù lọ nínú ilé wa ní Ìkòtún, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pa ọ̀yà lẹ́yìnkùlé wa títí di ìgbà tí kọ̀ǹpútà wọ pálọ̀. Ẹ má retí ọdún tí wọ́n bí i lẹ́nu mi. Tí a bá bi òun fúnra rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé: "Ẹ̀fọn tó kọ́kọ́ jẹ mí ti kú. Kò sí ẹlẹ́rìí mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí lè má mọ wolé-wolé. Ìjọba ló ń rán wọn jáde láyé ọjọ́un, nínú ṣòkòtò kúkúrú kakí, pé kí wọ́n máa wọ ilé onílé, kí wọ́n máa yẹ amù omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi tó ń di ẹ̀fọn lọ́la. Wolé-wolé kì í kanlẹ̀kùn. Kì í ké àgò. Tó bá ké àgò, ìyá onílé á ti da omi ẹlẹ́gbin nù kó tó wọlé. Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe nìyẹn títí ìjọba fi ní ó tó. Ìjọba ló fẹ̀yìn rẹ̀ tì o; òun kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan.

Mo fi ojú ara mi rí ẹ̀fọn kan tó bà lé e lọ́rùn ní Ìgándò. Ẹ̀fọn náà wo ojú ẹ̀, ó rántí ilé, ó sì fò lọ láìjẹun. Tí Bàbá bá wúkọ́ ní ẹnu ọ̀nà wa ní Ìkòtún, àwọn obìnrin á máa da omi nù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ mi obìnrin, Yétúndé, àlùfáà ti gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ti ń súre, ni Bàbá bá dìde láti ìjókòó iwájú, ó lọ tẹ̀ mọ́ orí ọpọ́n omi, ó ń wo inú rẹ̀. Àlùfáà rọra sọ fún un pé, "Bàbá, omi mímọ́ ni." Bàbá kò gbójú sókè. Ó ní: "Ọlọ́run ni mo mọ̀ pé ó mọ́. Ọpọ́n yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò."

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro rárá. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, nígbà tí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí oníkálukú tún àyíká rẹ̀ ṣe, ọdún Bàbá nìyẹn. Á ti wọ kakí rẹ̀ kí àkùkọ tó ronú àtikọ. Á máa lọ láti yàrá dé yàrá, á fi ọ̀pá kan nǹkan, á sì ké pé, "Ta ló ni ín?" Tí o bá jẹ́ ẹ, wàá sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe nínú ilé. Tó bá pè é títí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ẹ, ààtàn.

Bàbá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìbàdàn nígbà kan, ó sì sùn mọ́jú irú Sátidé bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó bọ́ ọ sínú kọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá dé ibẹ̀, ó fi ọ̀pá kan kọ́ọ̀bù. "Ta ló ni eyín yìí?" Bàbá ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ gbà mí o, àgbàlagbà wo ló máa la ẹnu òfìfo níwájú àwọn àna rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù? Bàbá tún pè é, ó tún pè é. Àna mi ń wolẹ̀. Nígbà tí a máa fi rí eyín náà lórí ààtàn, adìyẹ ìyá olóúnjẹ àdúgbò ti ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ìyàwó mi sunkún, ó ní wọ́n ti tẹ́ bàbá òun. Bàbá ní: "Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè lanu sọ pé tòun ni, ìdọ̀tí ni."

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìjà. Ìjà Bàbá pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ọba wọn. Àlàájì Múnírù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta sìmẹ́ńtì, ni ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, ó ń sọmọ lórúkọ. Bàbá ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn o. Àwọn àlejò ti jókòó, àwọn ààfáà ti bẹ̀rẹ̀ àdúà, ni Bàbá bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Amù ńlá kan wà níbẹ̀, èyí tí ìyá Àlàájì fún un nígbà tó ń kúrò nílé. Bàbá yọjú sínú ẹ̀, ó rí tanwíjí. Ó gbé ọ̀pá sókè. Gbàù! Omi gbé bàtà àwọn ààfáà lọ dé ojú títì. Àlàájì sáré jáde.

"Bàbá! Ta ló fún yín láyè?"

"Wọ́n fẹ́ fi omi yìí po oúnjẹ ọmọ tuntun."

"Mo ní ta ló fún yín láyè kí ẹ wọlé mi? Ṣebí ìjọba ti ní kí ẹ máa lọ sinmi!"

Bàbá gbọn omi kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ó ní: "Tanwíjí kì í béèrè ìwé ìfẹ̀yìntì."

Láti ọjọ́ náà, títì kékeré tó wà láàrin ilé méjèèjì fẹ̀ ju ọ̀sà lọ. Wọn kì í kí ara wọn. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àlàájì á jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, á dojú kọ ewúrẹ́ rẹ̀: "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o kàn ń wọlé onílé káàkiri. Ọjọ́ kan ni wọ́n máa ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀." Bàbá náà á dojú kọ àkùkọ wa: "Àkùkọ, má dá ẹlẹ́gbin lóhùn. Jẹ àgbàdo rẹ." Èmi ò mọ bí ó ṣe rí lára àwọn ẹran náà, àmọ́ ewúrẹ́ yẹn kú ní rírù.

Báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe dé. Ọ́fíìsì kan níhà Ìkẹjà ń pààrọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ń ta èyí tó ti gbó. Mo lọ gbé ọ̀kan, kí Yétúndé lè máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ó ti ń sún mọ́ ìparí ní pólì. Mi ò mọ̀ pé Àlàájì náà ti lọ síbẹ̀. Inú mọ́tò kan náà ni wọ́n ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀, bí ìbejì: Táíwò wọlé tiwa, Kẹ́hìndé sọdá lọ sọ́dọ̀ Àlàájì. Àwọn méjèèjì rí ara wọn láti ojú fèrèsé, wọn ò sì lè kí ara wọn.

Kàmọ́rù ló wá tò ó fún wa. Ẹnjiníà ni, ó ń tún rédíò, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìyànà Ìpájà, ó sì ń pariwo ju gbogbo rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó ní: "Bàbá Yétúndé, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lèyí o, kì í ṣe ti eré. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ọ̀gá yẹn ló lè ṣe ohun gbogbo nínú ẹ̀. Ohun tó bá yọ̀ǹda fún àwọn yòókù ni wọ́n lè ṣe. Orúkọ ta ni kí n fi sí i?"

A rẹ́rìn-ín. Irú ìbéèrè wo nìyẹn nínú ilé tí Bàbá wà? Ṣé èmi ni n óò fi orúkọ mi sí ipò ọ̀gá, tí mo sì ń gbọ́ ikọ́ Bàbá ní yàrá kejì? Ìyàwó mi ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bú wa o." Bí Bàbá ṣe di ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn, ẹni tí ẹ̀rọ tó lágbára jù tó ti fọwọ́ kàn kò ju rédíò oníbátìrì lọ.

Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nǹkan tuntun sínú kọ̀ǹpútà, yóò lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó lọ kúnlẹ̀. Bàbá á fọ ọwọ́, á jókòó, á bọ́ fìlà, á fi fìlà bo kíbọ́ọ̀dù, á wá fi ìka kan ṣoṣo máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lábẹ́ fìlà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè, gẹ́gẹ́ bí àwọn tíṣà òyìnbó ṣe kọ́ ọ. Gbogbo ilé mọ ọ̀rọ̀ náà. Adìyẹ mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó jẹ́ lò ó. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni. Èmi pè é ní ọ̀wọ̀. Mo ráhùn lọ́jọ́ kan pé èmi mà ni mo ra nǹkan yìí. Ó ní: "Ẹni tó ra àga kọ́ ló ń yan ẹni tó máa jókòó."

Nǹkan méjì ló mú kó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Èkíní, Kàmọ́rù fi hàn án pé ibi ìdalẹ̀sí wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sójú ẹ̀ ketekete. "Ó ní ààtàn tirẹ̀!" Bàbá ní. "Àwọn kan wà ní òdìkejì títì tí wọn ò ní." Èkejì, ó gbọ́ pé àwọn fáìlì kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń fi pamọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ohun tó ń fara pamọ́ fún wolé-wolé. Ó ní kí Kàmọ́rù kó gbogbo wọn síta kí òun lè máa rí wọn. Kàmọ́rù ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ìwọ lọ̀gá ni, àbí èmi?" Kàmọ́rù kó wọn síta.

Ó wá di Sátidé ìparí oṣù kan. Yétúndé wà nílé ìwé. Èmi wà nínú gọ́tà níwájú ilé, mò ń kó ẹrẹ̀. Ìyàwó mi ń fọ ìkòkò. A ń gbọ́ ohùn Bàbá láti pálọ̀: "Ta ló ni ín?... Ta ló ni ín?" Ìyàwó mi ń dáhùn láti ilé ìdáná: "Kì í ṣe tèmi o, Bàbá!" A rò pé bàtà ni. Àṣé orí kọ̀ǹpútà ni Bàbá wà, tó ń ka àwọn fáìlì kan tí orúkọ wọn kò sí nínú Bíbélì, tí kò sí nínú Kùránì, tí a kò lè fi sọ ajá pàápàá. Ó pe èkíní. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Ó jù ú sí ìdalẹ̀sí. Ó pe èkejì. Àwọn mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà sọ fún un pé òun ń lò wọ́n lọ́wọ́. Àwọn yẹn ló fi sílẹ̀, nítorí onídàájọ́ òdodo ni. Nígbà tó parí, ó wo ìdalẹ̀sí, ó rí i pé ó kún. Ṣé wolé-wolé á fi ààtàn tó kún sílẹ̀? Ó dà á nù. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó jáde wá bá mi nínú gọ́tà, inú ẹ̀ dùn. Ó ní: "Àkànní, ìdọ̀tí tó wà nínú nǹkan òyìnbó yẹn, ojú á tì yín."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Yétúndé wọlé. Pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti parí, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ti kọ́kọ́ jẹ ọdún kan mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Dísíìkì pẹlẹbẹ tó da ẹ̀dà rẹ̀ sí sì ti hu olú nínú báàgì. Nínú kọ̀ǹpútà wa nìkan ni pírójẹ́ẹ̀tì náà kù sí.

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, ìlà Gẹ̀ẹ́sì funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú láti inú sàréè.

"Dádì! Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ìyàwó mi ní iná mànàmáná ni. Mo ní ayé ni. Bàbá jáde láti yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó mi," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "mo ti bá ọ gbá a. Ó mọ́ báyìí."

Ọmọ náà wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni Bàbá ti mú sunkún láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí, kò tí ì rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ ìrìbọmi. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kò mọ ibi tó máa gbé ẹ̀rín náà sí.

A ránṣẹ́ pe Kàmọ́rù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbọ́ ìtàn, ó di orí mú.

"Bàbá, àwọn nǹkan tí ẹ gbá yẹn, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ti kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ni. Òun ló fi ń jí láàárọ̀. Ẹ yọ eegun ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ní eruku ni."

"Kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo béèrè?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni, á sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Yétúndé ni, á ní òun ò gbà. Ẹ̀yin nìkan ni kò lè kọ̀ fún, Bàbá. Ẹ̀yin lọ̀gá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ẹlòmíràn ló sọ gbólóhùn ìkẹyìn.

Kàmọ́rù ní ọ̀nà méjì ló wà. Òun lè fọ gbogbo inú ẹ̀ kí òun tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pírójẹ́ẹ̀tì á bá a ṣàn lọ. Tàbí kí òun yọ háàdì dísíìkì rẹ̀, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tí gbogbo iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, kí òun lọ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn á yá a ní àwọn fáìlì tó sọnù, wọ́n á sì rí pírójẹ́ẹ̀tì yọ. Kọ̀ǹpútà ti òun ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe irú rẹ̀, kò lè kà á.

"Níbo la ti máa rí irú ẹ̀ lónìí Sọ́ńdè?" ìyàwó mi béèrè.

Gbogbo wa ń wo ojú fèrèsé, ní òdìkejì títì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Àlàájì jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ mi tán.

"Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn," ó ní. "Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, kò jọ àwọn kan. Àmọ́ ta ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́?"

"Bàbá ni, sà. Wọ́n... wọ́n gbá a."

"Wọ́n gbá kí ni?"

"Inú ẹ̀."

Àlàájì rẹ́rìn-ín débi pé eruku sìmẹ́ńtì bò wá méjèèjì, tó bá jẹ́ pé òjò rọ̀ nígbà yẹn ni, ère wa ì bá ṣì wà ní Ìkòtún dòní. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àkànní, lọ sọ fún bàbá rẹ pé ilé mi wà níbẹ̀. Kó wá fúnra ẹ̀. Kó sì gba iwájú."

Mo jíṣẹ́. Yétúndé dìde nílẹ̀. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Mo lè tún ọdún náà ṣe."

"Ìyàwó mi, dákẹ́ jàre." Ó bọ́ kakí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ wá. Ó wá ọ̀pá rẹ̀ káàkiri, ó rí i, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòtún lọ́jọ́ náà lẹ lè jẹ́rìí mi. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́. Ọmọ tó ń sunkún dákẹ́ láti wo ìran. Bàbá sọdá títì, èmi àti Yétúndé tẹ̀ lé e, Kàmọ́rù gbé àpótí irin náà mọ́yà bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ilẹ̀kùn Àlàájì ṣí sílẹ̀, kọ́tìnnì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá tó wọlé fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹṣin tó mọ̀nà. Bàbá wò ó. Ó fà á padà síta.

"Àgò onílé o."

Ohùn ẹ̀ rí bí ti ẹni tó ń gbìyànjú èdè ìlú òkèèrè. Ikọ́ Àlàájì nìkan la gbọ́ nínú ilé. Oòrùn wà lórí Bàbá, òógùn ń sọ̀ lágbárí ẹ̀. Mo fẹ́ mú un lápá, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Mo ní àgò o, Àlàájì."

Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì: "Àgò yà. Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Ará iwájú ilé rẹ. Mo wá gbàyè."

"Àyè kí ni?"

"Àyè kí n wọlé. Tí o bá fún mi nìyẹn, àyè kí irin ọwọ́ ẹnjiníà yìí wọlé. Tí o bá sì ráyè gbọ́, àyè kí n bẹ̀ ọ́ nítorí amù ìyá rẹ. Tanwíjí wà níbẹ̀ lóòótọ́ o! Àmọ́ ǹ bá ti kọ́kọ́ pè ọ́ kó o wá wò ó."

Kọ́tìnnì ṣí. Àlàájì dúró níbẹ̀, ó ń sapá kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ àga wò kí ẹ tó jókòó."

Bàbá jókòó láìwo abẹ́ àga. Àlàájì lọ sẹ́yìn, ó fúnra rẹ̀ bu omi nínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e wá, ó sì dúró lé e lórí. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wò. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, Bàbá kò mu omi ẹnikẹ́ni rí láìgbé e sí ìmọ́lẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gba kọ́ọ̀bù. Ó wo Yétúndé. Ó di ojú méjèèjì, ó sì mu ún tán láìmí.

"Ó dáa," ni Àlàájì sọ. Ó yíjú sí Kàmọ́rù. "Ẹnjiníà, so irin rẹ."

Kàmọ́rù tú Kẹ́hìndé, kọ̀ǹpútà Àlàájì, ó so háàdì dísíìkì Táíwò mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tàn án. Nǹkan wa hàn lójú ẹ̀. Yétúndé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kàmọ́rù fẹ́ ṣí ibi tí pírójẹ́ẹ̀tì wà, kọ̀ǹpútà ní òun ò gbà.

"Yétúndé, ṣé o ti ibí yìí pa ni?"

"Mo tì í pa kí Dádì má bàa máa tú u."

Mo wo òkè àjà.

"Wàhálà ibẹ̀ nìyí," Kàmọ́rù ní. "Ẹni tó tì í pa, kọ̀ǹpútà ilé yìí ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé yìí nìkan ló lè ní kí nǹkan náà di tòun, kó tó ṣí. Àlàájì, pásíwọ́ọ̀dù yín."

Àlàájì jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, kò bo nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà wá béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó fẹ́ gba nǹkan náà di tirẹ̀. Àlàájì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Ó yíjú padà.

"Bàbá, nǹkan inú ilé yín nìyí. Ta ló fún mi láyè?"

Bàbá fọwọ́ gbá itan, ó ní: "Mo fún ọ. Gbà á, jàre!"

Àlàájì tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Ẹ̀wà, kòkòrò, àwòrán àpò, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Kàmọ́rù kọ́kọ́ da pírójẹ́ẹ̀tì náà sínú dísíìkì tuntun, ó wá kó àwọn fáìlì tó sọnù láti ara Kẹ́hìndé sára Táíwò. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, kọ̀ǹpútà wa ti jí nínú pálọ̀ wa. Yétúndé tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Mọ́ńdè, ó gbé e lọ ní Túsìdeè, wọ́n sì gbà á. Ọdún yẹn ló jáde.

Ṣùgbọ́n kí Kàmọ́rù tó lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ó tún béèrè: "Orúkọ ta ni kí n fi sípò ọ̀gá báyìí?"

Ẹ wo àwa ọmọ Yorùbá. Gbogbo wa tún dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: "Ti Bàbá ni kẹ̀!"

Bàbá ní ó tì o. "Fi ti ọmọ yẹn sí i. Òun ló mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Ó ronú. "Ṣé ó lè jẹ́ kí n máa rí gbogbo ẹ̀, kí n má sì lè da nǹkan kan nù?"

Kàmọ́rù ní ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọ kakí rẹ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó yan fáìlì kan tí kò mọ̀, ó ní kó lọ sí ìdalẹ̀sí. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí i lójú pé òun kò gbà. Ó gbìyànjú òmíràn. Kò gbà. Ó tún yan ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Kò gbà. Bàbá fara ti àga, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó pe gbogbo ilé.

"Ẹ wá wò ó!" ó ní. "Nínú gbogbo ilé tí mo wọ̀ láyé mi, èyí ni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé rárá, tí inú mi sì dùn."